Ẹjọ́ Oníbúrẹ́dì àti Tíṣà Mọ́tò

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u, torí mi ò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ Oníbúrẹ́dì ni mo gbé dé.

Láràárọ̀ ni Oníbúrẹ́dì máa ń fi alùpùpù gbé búrẹ́dì gbígbóná kiri: ó di ilé ìwòsàn, ó di iléèwé, ó di ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Lọ́jọ́ yìí, ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó gbá apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì mọ́ra bí ọmọ tuntun. Bí wọ́n ṣe ń yà sí ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù onídìrí, mọ́tò kan kọlù wọ́n látẹ̀yìn, gbàmù! Alùpùpù dojú bolẹ̀, búrẹ́dì fọ́n ká títì, Oníbúrẹ́dì sì bá ara rẹ̀ nínú gọ́tà, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé orúnkún bíbó nìkan ló mọ.

Ta ló wà nídìí mọ́tò? Tíṣà Mọ́tò! Ọkùnrin tó kọ́ gbogbo àdúgbò ní mọ́tò wíwà. Òun ló kọ́ dókítà. Òun ló tún kọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ gbà mí o! Níbi tí ológbò ti ń dájọ́, eku wo ló fẹ́ jàre?

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì, Tíṣà Mọ́tò tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gá, ẹ rántí ohun tí mo kọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ yà, kí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá nàró bí ọmọ iléèwé. "Kó tanná tó máa fi ibi tó ń yà sí han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, sà!"

"Ó káre. Ọkùnrin yìí ò tanná."

"Mo tanná!" Oníbúrẹ́dì fò dìde. "Iná ń ṣẹ́jú pẹ́ú pẹ́ú lẹ́yìn mi!"

Àmọ́ iná ọ̀hún ti rún wómúwómú sínú gọ́tà, kò lè jẹ́rìí mọ́. Ọ̀gá yíjú sí ìyàwó. "Màdámù, ṣé ọkọ yín tanná?"

"Ọ̀gá, búrẹ́dì ni mò ń wò."

"Áà! Ìyàwó mi!"

"Ṣé kí n purọ́ ni, olówó orí mi? Ẹni tó gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́yà, ojú mélòó ló ní?"

Oníbúrẹ́dì wo láísẹ́ǹsì rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Tí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀, ó lọ nìyẹn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni yóò gba orí alùpùpù, òun á sì máa po ìyẹ̀fun nídìí ààrò láti àárọ̀ dalẹ́, níṣojú ìyàwó tó jẹ́ pé téèyàn bá mí, á bi í pé kí ló ń mí fún.

Ọ̀gá họrí. "Ẹ jẹ́ ká padà síbi tó ti ṣẹlẹ̀, ká tún un ṣe bó ṣe rí lọ́jọ́ náà gan-an."

Bí wọ́n ṣe débẹ̀, àwọn oníbàárà onídìrí tú síta, ẹlòmíì dirí dé ìdajì. Oníbúrẹ́dì gun alùpùpù tó ti wọ́, ìyàwó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Tíṣà Mọ́tò wọ mọ́tò rẹ̀. Ó ku ìyá ìyàwó Tíṣà, tó jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà.

"Ẹ má da màmá láàmú," ni Tíṣà wí. "Oorun ni wọ́n ń sùn."

"Ta ló ń sùn?" Màmá ti wọ mọ́tò. Télọ̀ ni màmá yìí. Ohun tí ò bá gún régé, á tú u, á tún un rán. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, apá ọ̀tún ni mo jókòó sí." Wọ́n sún un sápá ọ̀tún. "Fèrèsé yìí wà ní ṣíṣí." Wọ́n ṣí i. "Rédíò ń kọrin." Wọ́n tan rédíò.

Tíṣà rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn. "Ẹ ṣé, màmá. Ó ti tó báyẹn."

"Kò tíì tó o, ọkọ ọmọ mi. Ohun tá a bá ń ṣe, ẹ jẹ́ ká ṣe é pé."

Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó panu mọ́? Ẹni tó bá dán an wò, kó ti mọ ibi tó máa sùn.

Ọ̀gá ju ọwọ́ sókè. "Ó yá!"

Wọ́n ti alùpùpù, wọ́n ti mọ́tò. Ìyàwó ké látẹ̀yìn: "Ibí nìyí, yà!" Àyà Oníbúrẹ́dì já, ó sáré yà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kan bọ́tìnnì iná rárá.

"Háà!" ni gbogbo títì wí.

"Ẹ rí i? Ẹ fojú ara yín rí i!" Tíṣà Mọ́tò ń lu sítíárì bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó fẹ́ ti láísẹ́ǹsì Oníbúrẹ́dì tó mú dání láti àgọ́ bọ àpò. Òórùn ìyẹ̀fun ti ń gbá Oníbúrẹ́dì nímú.

Màmá bá na ọwọ́ látẹ̀yìn, ó gbá Tíṣà léjìká pẹ́lẹ́: "Àwa náà ò tíì ṣe tiwa pé, ọkọ ọmọ mi, fóònù tó o gbé sétí lọ́jọ́ yẹn dà?"