Ìlà Kànga Karùn-ún

Ìlà márùn-ún ló yẹ kó wà lójú kọ̀ǹpútà. Mẹ́rin ni obìnrin onímọ̀ omi rí. Ó fi etí aṣọ nu ojú ẹ̀rọ náà, ó tún un kà. Mẹ́rin náà ni.

Ti kànga karùn-ún ni kò sí, kànga tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ọ̀gá sì ń retí gíráàfù yìí, torí òun ni wọn yóò fi mọ kànga tí òjé olóró ti wọnú omi rẹ̀, kí wọ́n lè dé e pa lónìí.

Ojú rẹ̀ lọ sára Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin tábìlì kejì tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Lánàá ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yìí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fura pé àga òun lọmọ náà ń wò.

"Kí lo fọwọ́ kàn níbí lánàá? Ìlà kànga karùn-ún ti sọnù."

"Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ni mo tẹ̀." Ó dìde wá. "Àbí funfun ni ìlà yẹn? Funfun lórí funfun, ta ló máa rí i?"

Wọ́n yí i sí pupa. Kò hàn. Wọ́n mú un nípọn, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tún un tàn, pàbó ni.

"Ẹ ò rí i pé mi ò jí nǹkan kan," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

Ta ló dárúkọ olè? Inú bí obìnrin náà. Ó ṣí nọ́ńbà kànga karùn-ún tí yàrá àyẹ̀wò fi ránṣẹ́, èyí tí kò kà tẹ́lẹ̀, torí ta ló ń ka nọ́ńbà nígbà tí gíráàfù wà? Ó ń wá ibi tí olè fọwọ́ bà. Ọgọ́rin. Àádọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gíráàfù náà kò kọjá ogún. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ogún ṣe òkè rẹ̀ lóṣù tó kọjá, kí gbogbo gíráàfù ọ́fíìsì lè dọ́gba, kó dùn ún wò. Ohun tó bá ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kì í yà á.

Ó gbé òkè náà sókè. Ìlà pupa yọ lókè téńté, àwọn mẹ́rin yòókù lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín pa ẹnu dé. Ìtìjú ìbá bá obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kó ráyè tijú. Ó gbá fóònù mú lórí tábìlì, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ má mu omi kànga yẹn mọ́! Ẹ má fún ọmọ!"

"Omi tó mọ́ lóló yìí?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí ló ṣe é?"

Lẹ́yìn ìyá náà, ohùn kékeré kan ń bẹ̀bẹ̀:

"Màmá àgbà, ẹ tún bù sí i fún mi."