Òrùlé Láàárín Orúkọ

Iléeṣẹ́ kan ní Òṣogbo fi ọ̀sẹ̀ kan dán Kaothar ọmọ mi wò. Ó jókòó sílé ní Ìwó, ó ń tẹ orúkọ àwọn oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà wọn tó wà lọ́hùn-ún. Bí iṣẹ́ náà bá mọ́, wọn yóò gbà á. Bí kò bá mọ́, ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ pé, Dàpọ̀ ọ̀gá wọn pè é. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Kaothar, kí ni òrùlé tí o kọ́ sáàárín orúkọ àwọn èèyàn? Ṣé káfíńtà ni ẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mò ń wò ó."

"Wò ó kó yá. Ọ̀la ni n ó pinnu."

Mo sún mọ́ ọn. Inú fèrèsé dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ti ń bá kọ̀ǹpútà Òṣogbo sọ̀rọ̀. Ó tẹ orúkọ oníbàárà kan, Morádéyọ̀, ó ṣì í tẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa lẹ́tà rẹ́. Lẹ́tà kò parẹ́. Àmì kan tó rí bí òrùlé jáde, àmì ìbéèrè tẹ̀ lé e.

"Bọ́tìnnì yìí ti bàjẹ́, Bàbá. Àfi kí n ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn."

"Tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn."

Ó tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti máa ń kọ̀wé sí èèyàn, láti pa lẹ́tà kan rẹ́. Ó parẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ̀wé ní kánsù. Lórí taipuráítà wa, bọ́tìnnì yẹn kì í pa nǹkan kan rẹ́. Ó kàn ń dá wa padà sẹ́yìn ni, ká lè fi àmì sórí lẹ́tà.

Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe bọ́tìnnì. Ohun tó ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí Òṣogbo ń gbọ́."

Ó wò mí. Ó ṣí ètò fèrèsé dúdú náà, ó ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí bọ́tìnnì yẹn yóò máa rán lọ. Méjì ló wà níbẹ̀. Ó yan èkejì. Ó tún Morádéyọ̀ tẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, ó pa á rẹ́. Ó mọ́.

Mo rò pé yóò sinmi. Kò sinmi. Ó padà sí orúkọ tó ti tẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, irinwó ó lé méjìlá, ó yọ òrùlé kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí Dàpọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni àṣìṣe náà ti wá, ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ ọ́.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Dàpọ̀ pè.

"Shamsudeen tó wà níbí ti ra kíbọ́ọ̀dù méjì nítorí òrùlé yìí. Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Kó o sì kọ́ òun náà."

Ó kúnlẹ̀, ó sọ fún mi.

Mo ní, "Ó dáa."

Fàtímọ̀ ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá Kaothar, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Mo wọ bàtà mi, mo lọ kírun. Kí n tó dé mọ́ṣáláṣí, mo ti sọ fún èèyàn mẹ́fà.