Ọmọ Kan Tí Kò Fọwọ́ Síwèé

Ìyàwó mi, Corinne, ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé; iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ṣe. Ọdún mọ́kànlá la fi gbé ilé onílé ní ìlú Erie, ní Amẹ́ríkà, kí a tó rí ilé kan rà lọ́wọ́ Dale àti àbúrò rẹ̀, Lorna, tí bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Lọ́jọ́ tí a lọ tọwọ́ bọ̀wé, Yvette, obìnrin tó ń bá wa ṣètò rẹ̀, ti ìwé adójútòfò kan tó ń dáàbò bo ẹni tó ra ilé síwájú wa.

Mo ní, "Ṣebí a ti san ọ̀kan fún báǹkì?"

"Owó tí wọ́n yá yín nìyẹn ń dáàbò bò. Tẹ́nì kan bá jáde lọ́la pé òun lòun nilé, báǹkì ò ní pàdánù. Ẹ̀yin nilé máa bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Ẹ ní ẹ ti yẹ ìwé ilé wò."

"A yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìwé ò lè sọ fún wa bóyá ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa san án."

Corinne wò mí. "Wendell, o ra ìbòrí fún ọkọ̀ ojú omi tí kì í kúrò nínú gárééjì. San án jàre."

Mo san án, mo sì ń kùn títí a fi délé.

Ní ọdún kejì, mo ń gbá ewé jọ níwájú ilé nígbà tí bàbá kan dúró létí títì, tó ń wo ilé wa.

"Ta lẹ ń wá, sà?"

"Ilé bàbá mi nìyí. Èmi ni Merle, ẹ̀gbọ́n Dale."

Ó fa ìwé kan yọ. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pé òun yọ̀ǹda ìpín òun nínú ilé. "Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí i. Ọ̀nà jíjìn ni mo wà nígbà náà, ní Alaska, mò ń pẹja. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé bàbá ti kú. Mi ò wá lé yín jáde o, ṣùgbọ́n ìpín mi ni mò ń bèèrè."

Mo pe Corinne jáde. Òun ló ní kó wọlé, tó sì fún un ní kọfí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Corinne pe iléeṣẹ́ adójútòfò. Wọ́n gba lọ́yà fún wa. Oṣù méje ni wọ́n fi wádìí, kí Lorna tó jẹ́wọ́ pé Dale ló fọwọ́ sí i lórúkọ Merle. Iléeṣẹ́ náà san ìdá kan nínú mẹ́ta owó ilé náà fún Merle, Merle yọ̀ǹda ìpín rẹ̀ fún wa, iléeṣẹ́ náà sì kọjú sí Dale láti gba owó wọn padà. Àwa ò san nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí Merle tọwọ́ bọ̀wé, Corinne ní kó bá wa jẹun.

"Ẹ ṣeun. Ọ̀dọ̀ Lorna ni mò ń lọ."

Mo ní, "Ẹ ti dárí jì í nìyẹn?"

"Rárá." Ó wọ kóòtù rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ti se oúnjẹ sílẹ̀."