Ọ̀kan Nínú Mẹ́rin

Sìmíátù tún ti lóyún. Dókítà ní kó wá ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọmọ inú rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bíi ti Aneesah, àkọ́bí rẹ̀. Taoheed ọkọ rẹ̀ kò rí ìdí rẹ̀.

"Àyẹ̀wò kí ni?" ló wí, bó ti ń nu páǹpù epo mọ́tò tòkunbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Ládìpọ̀. "AS ni ẹ́, AS lèmi náà. Wọ́n ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ló ń ní in. Aneesah ti gba ọ̀kan yẹn. Àlàáfíà ni mẹ́ta tó kù."

Ó wu Sìmíátù kó gbà á gbọ́, nítorí oorun ilé ìwòsàn ti sú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí.

"Baba Aneesah, bí páǹpù mẹ́rin bá wà nínú àpò, tí ọ̀kan ṣoṣo bàjẹ́ nínú wọn, tí ẹ sì yọ ọ́ ńkọ́?"

"Mẹ́ta tó kù dáa. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn, ọlọ́gbọ́n obìnrin!"

"Bí ẹ bá wá dá a padà sínú àpò, tí ẹ pò wọ́n pọ̀, tí ẹ tún tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Taoheed dáwọ́ dúró.

"Aneesah kò mú nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wa," ni Sìmíátù wí. "Oyún tuntun, mẹ́rin náà ló tún pé síbẹ̀."

"Ọmọ yìí náà tún lè ní in nìyẹn?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Taoheed nu ọwọ́ rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù.

"Jẹ́ ká máa lọ ṣe àyẹ̀wò náà," ló wí.