Abẹ́ Ewé

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fín oògùn sí tòmátì tó gbìn sínú ilé ọ̀rá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàwé dé ibẹ̀ o. Aṣọ funfun bíi ti dókítà tó ń wọ̀ lọ sóko ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Òun ló dìde nípàdé àwọn àgbẹ̀, tó ní kí wọ́n sinmi oògùn apakòkòrò inú ike. Pé omi ewé dóńgóyárò àti aáyù, tí a po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ kó lè lẹ̀, yóò pa kòkòrò pupa tín-ín-tín tó ń ta òwú sára tòmátì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì.

Alága ẹgbẹ́ ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fún ọ. Bí a bá rí ẹyọ kan tó ń rìn, a ó fa gbogbo rẹ̀ tu, kó má baà ran oko ẹlòmíì."

Òní ló pé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ilé ọ̀rá tirẹ̀ fara ti ti àbúrò, yọjú wọlé. Ó wo ewé tó ń dán. Ó wo ṣòkòtò àbúrò rẹ̀, tí ìlà áyọ́ọ̀nù rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lágara láàárọ̀ yìí."

"Àlejò tí ò ń lé sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwọ ń gbá orí bẹ́ẹ̀dì." Ó yí ewé kan padà fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òwú. Nínú òwú náà, ohun pupa wínníwínní bí ata gígún. Ata náà sì ń rìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n yí òmíràn. Bákan náà ni. Ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, làpálàpá ló ń pa.

Ìgbà yẹn ni alága wọlé. Ikùn rẹ̀ kò gbà á láyè láti bẹ̀rẹ̀. Òkè ló ti wò ó.

"Áà! Ewé ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó! Ọ̀jọ̀gbọ́n, o ṣe é! Lọ́la, gbogbo ẹgbẹ́ ni màá ní kó máa fín in bó o ṣe ń fín in gẹ́lẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn dé egungun. Ó ti la ẹnu láti dúpẹ́ nígbà tó rí òjìji ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ kan wà ní ìbàdí tó ń dùn ún. Omi ewé kan náà ló ń fín, àmọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀. Ẹrẹ̀ tutù wọ orúnkún ṣòkòtò náà. Ó yí ewé kan padà, ó gbé e sókè.

"Alága, ẹ bá mi wo ibí, sà."

Lẹ́yìn ọ̀rá, ìró ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń fín dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè. Látọjọ́ tó ti gbìn wọ́n, kò tíì wo oko rẹ̀ láti ibí yìí rí.