Ilé Tí Ọkọ Mi Kọ́ fún Kọ̀ǹpútà

Ìyá Bọ́lá, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ. Inú ṣì ń bí mi.

O ṣáà mọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọkọ mi ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ó ti ní kí káfíńtà bá òun kan kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó máa ń tì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Aṣọ tèmi ṣì wà nínú àpò ìrẹsì o.

Lójú àlá, kọ́bọ́ọ̀dù náà ti di ilé. Aṣọ òkè ìgbéyàwó mi ni wọ́n fi ṣe kọ́tìnnì rẹ̀. Mo wọlé, mo bá àwọn ẹ̀yà náà tí wọ́n sùn lórí ẹní bí ọmọ, oníkálukú pẹ̀lú ìrọ̀rí tirẹ̀. Ọkọ mi pọn kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, ó ń jó kiri, ó ń kì í: "Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ mi!"

Oríkì tèmi! Mo pariwo pé, "Èmi ni Àjọkẹ́!"

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ máa kó eruku wọlé."

Ọkọ mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò! Bí mo ṣe jí, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lójú oorun. Kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

N kò mọ ìtumọ̀ àlá náà. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ó pè láti pálọ̀ pé, "Àjọkẹ́, ṣé o jí dáadáa?" Kí n tó dáhùn, mo kọ́kọ́ yọjú wò ó bóyá èmi ló ń kí. Ó ń nu kọ̀ǹpútà. Kò gbójú sókè.