Òdo tí Dókítà Olúgbénga Kọ

Ìjọba ní kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yẹ ọgọ́rùn-ún fáìlì aláìsàn wò, kí wọ́n ka iye ẹni tí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ṣe ní jàǹbá tó ṣeé yẹra fún. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ayétòrò, Rọ́fíàt tó ń tọ́jú fáìlì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Dókítà Olúgbénga, ọ̀gá wọn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣe é kíá. O ò ní rí nǹkan kan."

Rọ́fíàt rí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ka ìkọ̀wé tó dà bí eèrà tó jábọ́ sínú yíǹkì. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sára fáìlì Màmá Mẹ̀dínátù pé pẹnisílìn kò bá a lára mu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún un ní pẹnisílìn. Ojú rẹ̀ wú títí kò fi ríran, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Awakọ̀ tírélà kan láti Ibese gbé ẹsẹ̀ tó dá wá, ó gbé egbò ìdí lọ sílé, nítorí kò sẹ́ni tó yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èyí tó pa Rọ́fíàt lẹ́rìn-ín, tó tún fẹ́ẹ̀ pa á lẹ́kún, ni ti Bàbá Ọdẹkúnlé, àgbẹ̀ ará Afon. Ọjọ́ Ajé ni Bàbá kú. Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, wọ́n ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sùn dáadáa, kò sì ráhùn.

"Kò kúkú ráhùn lóòótọ́," ni Rọ́fíàt wí.

Ẹni mẹ́tàlélógún ló kà. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá.

"Mẹ́tàlélógún kẹ̀? Ṣé o fẹ́ tà wá ni? Kọ òdo síbẹ̀!"

"Fáìlì ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Fáìlì kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ nígbà náà, sà."

Dókítà kọ ọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àmì ẹ̀yẹ dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba: ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Àpèkẹ́, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, yọ́ wọ ọ́fíìsì Rọ́fíàt. "Àbúrò, fi ojúlówó iye náà hàn mí, pẹ̀lú fáìlì wọn." Nígbà tó dé orí ti Màmá Mẹ̀dínátù, ó fìka lé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n fún un ní pẹnisílìn. "Ìkọ̀wé mi rèé," ló wí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì kankan kò gbọdọ̀ fúnni lóògùn láì kọ́kọ́ ka iwájú fáìlì sókè sí aláìsàn létí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, inú rírun kọlu Dókítà Olúgbénga lẹ́nu iṣẹ́, ó wó lulẹ̀. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Àpèkẹ́ tẹ̀ sí i.

"Sà, oògùn wo ni kò bá yín lára mu?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí!" Òógùn bò ó. "Ẹ gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta!"

"Nítorí kí ni, sà?"

Ọkọ̀ gbé e lọ. Rọ́fíàt fa fáìlì tuntun yọ, ó kọ orúkọ ọ̀gá sí i, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, láìrẹ́rìn-ín: "Aláìsàn kọ ìtọ́jú."